Bí ẹ ṣe máa gbọ́ àkójọ orin Aretha Franklin láti 1956 dé 2015 kó tó sú yín

Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ Aretha Franklin, akọrin soul ará Amẹ́ríkà (soul ni orin àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tó ti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì jáde), ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: “Orin rẹ̀ pọ̀ jù, ibo ni kí n ti mú un?” Ẹlòmíì ti ra àkójọ rẹ̀ sílé, tàbí kó ti rí i lórí fóònù, á gbọ́ mẹ́ta tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, á sì pa ìyókù tì. N kò bá a wí. Orin 81 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àkójọ tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, “Aretha”, tí ilé iṣẹ́ orin Rhino gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2021. Sídì mẹ́rin ni. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí obìnrin yìí jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó sì parí sí 2015, nígbà tó kù lé ní ọdún méjì kó papò dà. Wọ́n to orin náà bí ọdún ṣe tẹ̀ léra, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ máa tẹ̀ lé nǹkan kan bí ẹ ṣe ń bá a lọ.

Dùùrù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Píánò ni mo ń wí o, kì í ṣe ògán. Ohùn Aretha, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ rẹ̀ lórí dùùrù ni àwọn èèyàn kì í fetí sí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń jẹ́ kí n mọ ibi tí mo wà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Ọjọ́ mẹ́rin, sídì kan lọ́jọ́ kan. Kò pọn dandan kí ọjọ́ náà tẹ̀ léra.
- Earpiece olókùn, tàbí spíkà tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Spíkà ara fóònù kò lè ṣe é: gìtá báàsì ló kọ́kọ́ máa ń sọ nù nínú rẹ̀, ìdajì adùn orin soul sì wà níbẹ̀.
- Ìwé kékeré kan àti báírò.
- Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ gbà á sórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Orin tó ń dá dúró kó tún bẹ̀rẹ̀ nítorí nẹ́tíwọ̀kì ò ṣeé fetí sí.

### Bí ẹ kò bá rí àkójọ yìí

Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1992, “Queen of Soul: The Atlantic Recordings”, ní orin 86 lórí sídì mẹ́rin. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ọdún 1967 ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọdún tó lò ní ilé iṣẹ́ orin Atlantic nìkan ló sì dá lé. Ìbẹ̀rẹ̀ kò sí níbẹ̀, òpin kò sí níbẹ̀. “30 Greatest Hits” ti 1985 kúrú ju ìyẹn lọ, ó sì rọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn. Bí kò bá sí owó rárá, ẹ fúnra yín to orin mẹ́wàá yìí sórí fóònù, bí mo ṣe kọ wọ́n gẹ́lẹ́:

1. “Never Grow Old” (1956)
2. “Today I Sing the Blues” (1960)
3. “Skylark” (1963)
4. “I Never Loved a Man (The Way I Love You)” (1967)
5. “Respect” (1967)
6. “I Say a Little Prayer” (1968)
7. “Amazing Grace” (1972)
8. “Jump to It” (1982)
9. “I Knew You Were Waiting (For Me)”, òun àti George Michael (1987)
10. “(You Make Me Feel Like) A Natural Woman”, èyí tó kọ lójú agbo ní Kennedy Center (2015)

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn àkójọ olówó pọ́ọ́kú tó kún orí ìkànnì orin. Wọ́n á fi fọ́tò rẹ̀ ńlá sára èèpo, wọ́n á kọ “tó dára jù lọ” sí i, ẹ ó sì gbọ́ ọ tán láì pàdé orin 1967 kan ṣoṣo níbẹ̀. Orin ayé ìgbà tó wà ní Columbia, ilé iṣẹ́ orin tó wà kó tó lọ sí Atlantic, nìkan ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Orin yẹn kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ọdún tó wà lára orin kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó náwó.

## Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì: ẹ pa shuffle

Èmi gan-an ti fara gbá a. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń já ewédú, fóònù wà lójú fèrèsé, shuffle, ohun tó ń mú kí fóònù da ètò orin rú, wà ní títàn, n kò sì mọ̀. Orin 1985 kan kọjá, ìlù ẹ̀rọ ń dún gbì, gbì, gbì. Lójijì, ohùn ọmọdébìnrin kan gba inú ilé, àwọn ìjọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, dùùrù ń dún bíi pé yàrá kejì ló wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí gbójú sókè, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ ti yí rédíò ni?”

Ẹni kan náà ni. Ọdún 29 ló wà láàárín orin méjèèjì. Etí tó bá ń fò láti ibí dé ọ̀hún báyìí kò ní gbọ́ bí ohùn ṣe ń gbó, bí ọwọ́ ṣe ń le, bí iṣẹ́ sítúdíò ṣe ń yí padà. Ẹ pa á.

## Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

### 1. Ẹ gbọ́ orin àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì

“Never Grow Old” ni. Inú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, New Bethel Baptist ní ìlú Detroit, ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1956. Ohùn náà máa dún bí ohùn rédíò àtijọ́. Fóònù yín kò bàjẹ́, bó ṣe rí nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ọmọ náà. Nígbà kejì, ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù. Bó bá na ohùn tán tó fẹ́ mí, dùùrù á sọ̀rọ̀. Bí dùùrù bá sọ̀rọ̀, ìjọ á dáhùn. Àwa tí a mọ lílé àti ègbè kò nílò olùkọ́ kankan níbi yìí. Òun ló ń lé, àwọn èèyàn ló ń gbè é.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín: *dùùrù wà, ègbè wà.* Ẹ ó lò ó láìpẹ́.

### 2. Ẹ gba àwọn ọdún Columbia kọjá, ẹ má fò ó

John Hammond ló mú un wọ ilé iṣẹ́ Columbia ní 1960. Ọdún bíi mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Àwọn èèyàn á sọ fún yín pé kí ẹ fo apá yìí torí kò tíì di “Aretha gidi” nígbà náà. Mi ò gbà. Ẹ gbọ́ “Skylark”, kí ẹ dúró síbi tó ti gbé ohùn fò sókè lójijì nígbà tó padà wá sórí orin náà, kí ẹ wá sọ fún mi pé ẹni yẹn kò tíì mọ orin kọ.

Àmọ́ ẹ yẹ ìwé yín wò. Nínú ọ̀pọ̀ orin ibẹ̀, àwọn fáólìn ló gba iwájú. Ẹlòmíì ló to orin sílẹ̀ fún un, ó sì wá dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Bí ẹ bá gbọ́ orin kan tí dùùrù ibẹ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, bíi “Today I Sing the Blues”, ẹ fàlà sí i. Ẹ ó rí i pé kò pọ̀.

Ẹ ní sùúrù. Bí apá yìí bá fẹ́ sú yín, ẹ dá a dúró kí ẹ lọ jẹun. Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ síwájú.

### 3. Ẹ dúró pẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967

Bí ẹ kò bá ní àyè fún gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù, ẹ wá àyè fún èyí.

Jerry Wexler ti ilé iṣẹ́ Atlantic, níbi tí Aretha lọ lẹ́yìn Columbia, gbé Aretha lọ sí sítúdíò FAME ní Muscle Shoals, ìpínlẹ̀ Alabama. Ohun tó ṣe kò le: ó ní kó jókòó sídìí dùùrù. Wọn kò lò ju ọjọ́ kan lọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọtí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, olúkúlùkù bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Orin kan péré ni wọ́n rí gbà parí, “I Never Loved a Man (The Way I Love You)”. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, báyìí:

- Ìgbà kìn-ín-ní: ẹ gbọ́ ẹni tó ṣíde. Dùùrù oníná ni, Spooner Oldham ló ń tẹ̀ ẹ́: ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, á sinmi, á tún un sọ. Àyè tó fi sílẹ̀ yẹn ni Aretha bá wọlé.
- Ìgbà kejì: ẹ wá dùùrù kejì. Ti Aretha nìyẹn. Ẹ ṣọ́ ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá dákẹ́.
- Ìgbà kẹta: ẹ gbàgbé rẹ̀ pátápátá, kí ẹ tẹ̀ lé ìlù àti àwọn fèrè. Ẹ kọ ibi tí fèrè ti wọlé sílẹ̀ gan-an, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí orin Columbia kan tí ẹ ti gbọ́ ní ìgbésẹ̀ kejì. Àárín méjèèjì máa yà yín lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Àga tó jókòó lé ló yí padà.

Bí àkójọ tí ẹ ní bá ní “Do Right Woman, Do Right Man”, ẹ fi kún un. Alabama ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìparí, New York ni Aretha àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá parí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí ojú rírán rẹ̀.

### 4. Ẹ gbọ́ orin ẹlòmíì pẹ̀lú tirẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí gbà pé kí ẹ jáde kúrò nínú àkójọ náà díẹ̀. Otis Redding ló kọ́kọ́ gbé “Respect” jáde ní 1965. Aretha kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 1967. Ẹ gbọ́ ti Otis kọ́kọ́, odindi, kí ẹ tó gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ wọn, ẹ dáhùn ìwọ̀nyí:

- Ta ló ń tọrọ, kí ló sì ń tọrọ? Nínú ti Otis, ọkọ ló ń wá ọ̀wọ̀ nígbà tó bá délé. Nínú ti Aretha, obìnrin ló ń béèrè, kò sì jọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.
- Níbo ni wọ́n ti ń pe lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ wá a nínú ti Otis títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ kò ní rí i. Aretha ló mú un wọlé.
- Kí ni sásófóònù ń ṣe láàárín? King Curtis ni. Apá yẹn kò sí nínú ti Otis.
- Kí ni àwọn elégbè ń ṣe? Erma àti Carolyn, ọmọ ìyá rẹ̀, wà lára wọn. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan sọ fún mi nígbà kan pé àtúnkọ kì í ṣe iṣẹ́ gidi, pé ẹni tó kọ orin ló ni ín. Mo ní kó lọ ṣe ìgbésẹ̀ yìí. Kò tíì padà wá bá mi jiyàn.

### 5. Ẹ fi ẹnu yín kọ ọ́: “I Say a Little Prayer”

Dionne Warwick ló kọ́kọ́ kọ èyí, ó jáde ní 1967. Ti Aretha dé ní 1968, àwọn Sweet Inspirations ló gbè é. Cissy Houston, ìyá Whitney Houston, wà lára wọn.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ gbé orin náà sí i, kí ẹ wá kọ apá ti Aretha nìkan pẹ̀lú rẹ̀, láì kọ ti ẹlòmíì. Nígbà tí ẹ bá dé ìbi tí gbogbo ayé mọ̀ jù nínú orin náà, ẹ ó rí i pé ẹnu yín dákẹ́. Àwọn elégbè ló gbé ibẹ̀! Aretha kàn ń fi ọ̀rọ̀ kún un láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó jókòó sí àárín ìjọ. Ẹni tó yẹ kó máa lé ló wá ń gbè.

Bí ẹ kò bá lè kọrin nítorí àwọn tó wà nílé, ẹ fi ìka kan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òun nìkan bá ń kọ. Ìka á dúró síbi kan náà.

### 6. Ọdún 1972: ẹ má ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ ọn

Ní ọjọ́ 13 àti 14 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1972, Aretha padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, New Temple Missionary Baptist ní Los Angeles, pẹ̀lú James Cleveland, olórin ìhìnrere, àti ẹgbẹ́ akọrin Southern California Community Choir. Èyí ni wọ́n fi ṣe àwo “Amazing Grace”. Nínú àkójọ èyíkéyìí, díẹ̀ lára rẹ̀ nìkan ni ẹ ó rí. Torí náà, ẹ wá odindi àwo náà gbọ́ nígbà tí ẹ bá débí, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Orin tó fún àwo náà lórúkọ lé ní ìṣẹ́jú 10. Kò sáré rárá. Ẹni tó bá ń fọ abọ́ tàbí tó ń wo WhatsApp á ní kò ṣẹlẹ̀ nǹkan kan. Ẹ jókòó. Ẹ fi etí sí bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ kan gùn títí àwọn akọrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò fi lè mú un mọ́ra mọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní wà lọ́wọ́ yín: dùùrù wà, ègbè wà.

Fíìmù ọjọ́ méjèèjì náà wà pẹ̀lú. Sydney Pollack ló darí yíyà rẹ̀, àmọ́ wọn kò fi àmì sí àwòrán àti ohùn nígbà tí wọ́n ń yà á, kò sì ṣeé so pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. 2018 ló tó jáde, lẹ́yìn tí Aretha ti kú ní oṣù Kẹjọ. Ìmọ̀ràn mi: ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó wò ó. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ojú á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí.

### 7. Àwọn ọdún 1980: ẹ tún etí ṣe

Sídì kẹrin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já bọ́. Aretha ti kúrò ní Atlantic, ó ti wà ní ilé iṣẹ́ orin Arista, ìlù ẹ̀rọ ti dé. Bí ẹ bá fi etí 1967 gbọ́ “Jump to It”, tí Luther Vandross bá a ṣe ní 1982, ẹ ó ní wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ dìde. Orin ijó ni, orí ìjókòó kọ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Báàsì ni kí ẹ tẹ̀ lé nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ á mọ ohun tó kù.

Èyí tí òun àti George Michael jọ kọ dé ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba ní 1987. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì ní purọ́: kò sí lára ohun tí mo máa ń padà sí. Bí ẹ bá ń yára, ibí ni kí ẹ ti yára.

Ẹ dúró díẹ̀ ní 1998. Ní alẹ́ àmì ẹ̀yẹ Grammy, ara Luciano Pavarotti, olórin ọpẹ́rà ará Ítálì, kò yá, kò lè wá. Aretha gba ipò rẹ̀ láìsí àyè ìmúrasílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì kọ “Nessun Dorma” lórí ohùn tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún ọkùnrin náà. Fídíò rẹ̀ kò ṣòroó rí.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí

Gbígbọ́ sídì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan. Láti sídì kejì lọ, gbogbo rẹ̀ á máa dún bákan náà.

Kíka ọ̀rọ̀ orin lójú fóònù bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ orin soul kì í pọ̀. Bó ṣe ń pè é nígbà kejì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ojú tó ń kàwé kò sì ní gbọ́ ọ. Ẹ kà á lẹ́yìn tí orin bá tán.

Yíyí ohùn sókè jù. Ẹni tó mọ bí a ti ń rọra sọ̀rọ̀ kó tó kígbe ni Aretha. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jẹ́ igbe láti ìbẹ̀rẹ̀, etí kò ní mọ ìgbà tí igbe gan-an dé.

## Ẹ yẹ ara yín wò

- [ ] Ṣé mo lè sọ orin mẹ́ta tí ọwọ́ Aretha fúnra rẹ̀ wà lórí dùùrù?
- [ ] Ṣé mo mọ ohun tó yí padà láàárín 1966 sí 1967, láì ka ibì kankan?
- [ ] Ṣé mo ti gbọ́ “Respect” ti Otis Redding dé òpin?
- [ ] Ṣé mo lè kọ apá àwọn elégbè nínú orin kan, láì kọ ti Aretha?
- [ ] Ṣé mo ti gbọ́ odindi “Amazing Grace” láì fọwọ́ kan fóònù?

Bí ẹ bá fàlà sí mẹ́ta, ẹ lè lọ sí orin tó kẹ́yìn.

### 8. Orin tó kẹ́yìn

Oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni, ní Kennedy Center, Washington. Carole King ni wọ́n ń bọlá fún lálẹ́ ọjọ́ náà, òun sì wà lára àwọn tó kọ “A Natural Woman” fún Aretha ní 1967. Lórí èyí, mo gbà kí ẹ kọ́kọ́ wo fídíò. Aretha, ẹni ọdún 73, wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù onírun gígùn àti pọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ẹ wo ibi tó kọ́kọ́ gbà lọ: ìdí dùùrù. Ó gbé pọ́ọ̀sì náà lé e lórí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ọ́ lọ síwájú kó tó dìde, nígbà tó sì ku díẹ̀ kó parí, ó sọ ẹ̀wù náà sílẹ̀ lórí ìtàgé. Carole King di orí mú, ààrẹ Obama ń nu omijé.

Nígbà tó bá tán, ẹ má jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ wá orin mìíràn sí i. Ẹ padà sí sídì kìn-ín-ní lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún gbé orin 1956 yẹn sí i, kí ẹ sì gbọ́ ọwọ́ ọmọ ọdún 14 náà.